Bí Ẹ Ṣe Mí Lórí Kilimanjaro

Dádì mi tí mi ò yé sín jẹ,

Mọ́mì ti kó bàtà òkè yín pa mọ́. Wọ́n ní mò ń wọ̀ ọ́ jó káàkiri ilé. Òótọ́ sì ni.

Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn. Ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ pè wá láti àgọ́ lórí Kilimanjaro, tí à ń rí ojú yín lórí fóònù? Ẹ jókòó sójú kan, síbẹ̀ ẹ ń mí hẹlẹhẹlẹ. Mo mí bíi tiyín, mo wúkọ́ bíi tiyín, Mọ́mì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ẹ̀yin náà rẹ́rìn-ín. Ẹ ní Joburg tí à ń gbé fúnra rẹ̀ òkè ni, pé kí àwọn tó wá láti Èkó máa sinmi lọ́nà, pé òkè ti mọ́ ẹ̀yin lára. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, wọ́n pè wá pé ẹ ò sí mọ́.

Ṣé ẹ̀rín tí mo pa wá ló bo àìsàn tó wà lára yín mọ́lẹ̀?

Mi ò lè bi Mọ́mì. Mo bá wọ takisí láti ilé wa ní Troyeville lọ sí Braamfontein, sọ́dọ̀ Ọ́ńkù Dókítà, ọ̀rẹ́ yín tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa ọkàn. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì yunifásítì wọn ò fẹ́ jẹ́ kí n wọlé, mo bá fi ohùn àgbà olùkọ́ bá a wí. Ó ti ṣí géètì kó tó wo ojú mi.

Mo bi Ọ́ńkù ohun tí òkè ń ṣe fún ọkàn. Wọ́n ní kí n máa fẹ́ atẹ́gùn sínú sítírọ̀ tí wọ́n fi ń mu mínírà, wọ́n wá ń fi ìka tẹ̀ ẹ́ pa díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wú. Wọ́n ní bí afẹ́fẹ́ bá ti fúyẹ́, bẹ́ẹ̀ ni iṣan inú ẹ̀dọ̀fóró ṣe máa ń fún pọ̀, apá ọ̀tún ọkàn á wá máa fi tipátipá ti ẹ̀jẹ̀ kọjá. Tó bá pọ̀ jù, omi á jò sínú ẹ̀dọ̀fóró. Dádì, ṣé ẹ gbọ́ bí ọkàn yín ṣe ń lù? Ṣé ó yára bíi ti ẹni tó sáré?

“Báwo ni bàbá ẹ ṣe mí?” Ọ́ńkù bi mí.

Mo ṣe é fún wọn. Wọn ò rẹ́rìn-ín.

“Tún un ṣe.”

Mo tún un ṣe, pẹ̀lú ohun tó ń hó kùrùkùrù nísàlẹ̀ ọ̀fun yín, tí mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Ọ́ńkù di ojú.

“Omi nìyẹn. Ká ní mo gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà, ǹ bá ní kí wọ́n gbé e sọ̀kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀.”

Eish. Mo bi wọ́n bóyá èmi ni mo fà á.

“Ìwọ nìkan lo gbọ́ ọ dáadáa nínú ilé yẹn, ọmọ yìí. O kàn ò mọ ohun tó o gbọ́ ni.”

Wọ́n ní kí n wá mí bẹ́ẹ̀ níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ọjọ́rú, kí etí wọn lè mọ̀ ọ́n. Mo sọ fún Mọ́mì lánàá. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ ṣe é fáwọn. Wọ́n gbé ọwọ́ lé àyà mi títí mo fi ṣe é tán.

Ṣé ẹ gbà kí n lọ? Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yẹn máa kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, mo mọ̀ wọ́n. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Màá máa tún un ṣe títí wọ́n á fi gbọ́ omi yẹn.

Ọmọ yín ni, tí àárò yín ń sọ gan-an.