Bébà Inú Bàtà Òsì

                                        Yàrá Ìwé,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìjọsìn,
                                        Òpópónà Agogo.
                                        Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá oṣù kẹfà.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà, Aránṣọ-bí-idán,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́ ti fúyẹ́? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé wọ́n ti jáwọ́ nínú fífi àlùmọ́gàjí rẹ gé bébà? Àwọn ọmọ ńkọ́? Màmá ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń jẹun? Èyí tí mo béèrè gbẹ̀yìn yìí ló ká mi lára jù, nítorí o sọ nínú lẹ́tà rẹ pé láti ìgbà tí ọmọ rẹ ti ka ìwé àròsọ yẹn sí wọn létí, oúnjẹ kò wọ̀ wọ́n lọ́nà ọ̀fun mọ́, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù lẹ́nu wọn, pé wọ́n pa ọmọ àwọn, wọ́n mọ ọ́n mọ́ ògiri. Ní tèmi, ara le, a dúpẹ́. Ọkàn ni kò lélẹ̀.

Jọ̀wọ́, wá ibì kan jókòó kí o tó ka ìyókù. Má kà á nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ o. Mo mọ̀ ọ́.

O ní kí n yọ òótọ́ kúrò lára irọ́ fún ọ nínú ìwé náà. Iṣẹ́ tí Àlùfáà gbé lé mi lọ́wọ́ láti oṣù tó kọjá kúkú nìyẹn, pé kí n kọ ìwé pẹlẹbẹ kan tí a ó máa há fún àwọn àlejò, nítorí a ò rímú mí mọ́. Ojoojúmọ́ ni èrò ń ya wá. Wọ́n á kan ògiri ilé agogo lẹ́ẹ̀mẹta bí ìwé ṣe wí, wọ́n á gbé etí lé e. Obìnrin kan tiẹ̀ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bi mí jẹ́jẹ́ bóyá èmi náà wà lára àwọn aláṣọ funfun méje tó ń pààyàn nínú ìwé náà. Mo ní aṣọ funfun wo, pẹ̀lú ekuru ibí yìí? Ẹni tí kò ní ọṣẹ tó!

Bí o ṣe kà á náà ni èmi náà ṣe kà á. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń tiro wọ ilé ìjọsìn wá, ó fi bébà pamọ́ sí abẹ́ gìgísẹ̀ bàtà òsì, nọ́ńbà mẹ́ta wà lára bébà náà, mẹ́rìndínlógójì, mọ́kànlélógójì, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àṣírí ọjọ́ ìkẹyìn sì nìyẹn. Àwọn aláṣọ funfun pa á, wọ́n mọ ọ́n mọ́ ògiri ilé agogo, wọ́n fi ìlà òfìfo sípò orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ìsìnkú. Mo rẹ́rìn-ín títí inú fi run mí. Mo kọ ọ́ sínú ìwé pẹlẹbẹ mi pé irọ́ ni látòkè délẹ̀. Ìgbà yẹn ni lẹ́tà rẹ dé, tí o ní ta ló sọ fún òǹkọ̀wé yẹn nípa àbúrò rẹ ọkùnrin tó bínú kúrò nílé láti ọdún méjìlá, ẹni tí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kúrú, tí ìwọ fúnra rẹ máa ń ká bébà sí ìdí bàtà fún láràárọ̀ kó má baà tiro. O ní nọ́ńbà mẹ́ta yẹn náà, o mọ̀ wọ́n. Orí mi wú.

Ọ̀dọ̀ Baba Alágogo ni mo gbà lọ. Ogójì ọdún ni wọ́n ti ń lu agogo wa, agogo ti gba etí wọn, nítorí náà ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, gbogbo àdúgbò ló bá wọn gbọ́. Nígbà tí mo dé orí bàtà òsì, wọ́n dìde. Wọ́n yọ kọ́kọ́rọ́ kan lára ìṣó, wọ́n ní orúnkún àwọn kò jẹ́ kí àwọn sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá abẹ́ ilé agogo mọ́ láti ọdún mẹ́fà, kí èmi lọ wo abẹ́ ibùsùn.

Yàrá náà wà lóòótọ́. Ẹnikẹ́ni kò mọ ọ́n pa, ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní gbangba, àga tó kán ni wọ́n ń kó síbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀sán gangan ni mo wọlé, oòrùn ń ta lójú fèrèsé kékeré tó wà lókè, síbẹ̀ òtútù ń mú mi látẹsẹ̀ wá. Ekuru ilẹ̀ ibẹ̀ nípọn débi pé ipa ẹsẹ̀ mi ń hàn lẹ́yìn mi bí ẹni rìn lórí èlùbọ́. Ibùsùn pákó kan wà ní igun. Bàtà méjì wà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n tò wọ́n síra, wọ́n kọjú wọn sí ilẹ̀kùn. Ọ̀rẹ́ mi, kò sí ekuru lára wọn. Mo fi ọwọ́ ra wọ́n, ọwọ́ mi mọ́ tónítóní. Mo wo ilẹ̀ yíká, ipa ẹsẹ̀ tèmi nìkan ló wà níbẹ̀.

Má bi mí ohun tó ṣe mí, mo kan ògiri lẹ́ẹ̀mẹta. Ó dáhùn lẹ́ẹ̀mẹta. N kò mọ bí mo ṣe gun àtẹ̀gùn yẹn jáde, mo kàn bá ara mi níta pẹ̀lú bàtà láyà ni. Baba Alágogo rẹ́rìn-ín mi. Wọ́n ní òkúta tí wọ́n so mọ́ okùn agogo ni, afẹ́fẹ́ ló ń gbé e kọlu ògiri. Ọkàn mi balẹ̀ títí mo fi délé, tí mo rántí pé agogo àti okùn àti òkúta, ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ ni gbogbo wọn wà láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Bébà náà wà nínú bàtà òsì. Kí n tó lọ sílé, ojú Baba ni mo ṣe tú u. Lókè, o kọ ọ́ pé, "Ìyàwó Dókítà, kó má fún un lọ́rùn." Àyà, mẹ́rìndínlógójì. Ìbàdí, mọ́kànlélógójì. Èjìká, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìkọ̀wé rẹ ni, èyí tó dà bí ìgbà tí adìẹ ń tan ilẹ̀. Nọ́ńbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń ṣèpàdé lé lórí, tí wọ́n ń gbààwẹ̀ sí, ìbàdí ìyàwó dókítà ni! Mo bú sẹ́rìn-ín. Ibi tí mo ti ń rẹ́rìn-ín náà ni omi ti ń bọ́ lójú mi, nítorí mo ti mọ ẹni tó ni bàtà.

Ẹni wa ti lọ, ọ̀rẹ́ mi. Pẹ̀lẹ́. Pẹ̀lẹ́ púpọ̀.

Ohun tí Baba sọ nìyí, kí o kà á fún Màmá bó ṣe rí. Wọ́n ní ọ̀sán ọjọ́ òjò kan ló wọlé wá, ibà ti mú un débi pé kò lè pe orúkọ ara rẹ̀. Baba tẹ́ ibùsùn fún un, wọ́n pe dókítà, wọ́n ń fi ṣíbí bu omi sí i lẹ́nu fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹta ojú rẹ̀ là díẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé bàtà òun sítòsí, ilé ni òun ń lọ. Ó sùn, kò jí mọ́. Ẹnikẹ́ni kò pa á. Wọ́n sin ín dáadáa sẹ́yìn ilé ìjọsìn, lábẹ́ igi. Baba ló kó bàtà rẹ̀ pa mọ́, àwọn náà ló sọ ìtàn yìí fún òǹkọ̀wé yẹn, tí wọ́n sì fi bébà hàn án, kí orúnkún wọn tó kọ iṣẹ́. Wọ́n rò pé ó fẹ́ bá àwọn wá ẹbí ọmọ náà ni. Bí Baba ṣe sọ èyí, wọ́n fi fìlà bojú.

Ìlà òfìfo náà wà nínú ìwé ìsìnkú wa lóòótọ́. Àṣà akọ̀wé àkọ́kọ́ ni: bí òkú àlejò kò bá ní orúkọ, akọ̀wé á kọ ọjọ́ àti àìsàn, á fi àyè orúkọ sílẹ̀ lófìfo, ọwọ́ ẹbí nìkan ló sì gbọ́dọ̀ kọ nǹkan sí i. Méje ni wọ́n, tiẹ̀ ni ìkeje. Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń nu ìwé yẹn, àìmọye ìgbà ni mo ti ṣí ojú ewé náà láìbìkítà. Dárí jì mí.

Ọ̀rọ̀ wá kù síbì kan. Nítorí aáwọ̀ ìwé àròsọ yìí, Àlùfáà ní kí n fa ìlà dúdú la gbogbo àyè òfìfo wọ̀nyẹn já, kí èrò yéé rí ohun tí wọn yóò máa wò. Lánàá ni mo jókòó tì í. Bírò tuntun ni. Ó kọ ní àtẹ́lẹwọ́ mi, ó kọ ní etí ìwé, ó dé àyè òfìfo, kò kọ. Mo pààrọ̀ rẹ̀, bákan náà. Mo pe Àlùfáà, wọ́n ní òróró àtùpà ló kán sí i láyé ọjọ́un, wọ́n gba bírò lọ́wọ́ mi. Láti orí èkíní dé orí ìkeje, wọn kò rí ìlà kan fà. Wọ́n gbé bírò kalẹ̀. Wọ́n wá ní ó dáa, ní ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, ìwé náà yóò lọ sí olú ilé ìjọ, níbi tí wọn yóò ti tì í mọ́ inú àpótí, ojú ẹnikẹ́ni kò sì ní í kàn án mọ́. Mo bẹ̀bẹ̀ títí, wọn kò gbà ju kí ìwé náà wà lọ́dọ̀ mi títí di ọjọ́ Àìkú.

N kò ní í kọ ọ̀rọ̀ bírò yìí sínú ìwé pẹlẹbẹ. N kò mọ ẹ̀gbẹ́ tí ǹ bá kọ ọ́ sí, ti òótọ́ ni tàbí ti irọ́.

Bá mi kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ, kí o sì bá mi kúnlẹ̀ kí Màmá. Bí ara wọn bá gbà á, ẹ jọ máa bọ̀, yàrá mi gbà yín. Ẹ má jẹ́ kó kọjá Àìkú. Lẹ́yìn tí Àlùfáà jáde lánàá, mo gbìyànjú láti bá yín kọ orúkọ ọmọ náà sí àyè rẹ̀, nítorí mo mọ̀ ọ́n. Kò kọ. Kì í ṣe ọwọ́ mi ló ń dúró dè.

Èmi ni, tìrẹ tọkàntọkàn,
Akọ̀wé Kọwúrà.