Ọwọ́-Ò-Gbọ̀n àti Ojú Òsì Mi

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta
Ìdánwò ojú lónìí. Wọ́n ní kí n gbé àgbọ̀n lé ẹ̀rọ kan, kí n máa tẹ bọ́tìnnì nígbàkígbà tí mo bá rí iná tó ṣẹ́jú. Èmi tí mo gba ipò kìíní ní kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà àwọn àgbà! Mo tẹ̀ ẹ́, mo tẹ̀ ẹ́, àtàǹpàkò mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Nọ́ọ̀sì wo èsì. Ó ní, "Màmá, iná tí a ò tàn gan-an lẹ rí." Ọmọ mi obìnrin fọwọ́ bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ tí mo fi ẹ̀yìn mi pọ̀n!

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin
A tún un ṣe. Mi ò purọ́ mọ́. Ojú òsì: ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án péré ni mo tẹ bọ́tìnnì. Ẹ̀gbẹ́ ti ṣókùnkùn, àárín ló kù, bí ẹni ń yọjú láti ihò kọ́kọ́rọ́. Gilakóómà ni. Omi inú ojú ò rọ́nà jáde, ó sì ń tẹ iṣan ojú pa. Bí wọn ò bá tètè la ọ̀nà fún un, ojú yẹn lọ nìyẹn. Kò ju ọdún méjì lọ tí mo mọ̀wé kà. Kò tíì tó mi.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà
Dókítà Kékeré — kò dàgbà ju ọmọ-ọmọ mi lọ — ní ẹ̀rọ ni yóò bá òun di irinṣẹ́ mú nígbà iṣẹ́ abẹ ojú mi. Mo ní ta ló kọ́ ẹ̀rọ níṣẹ́? Ó ní òun ni yóò máa darí rẹ̀. Ọwọ́ ènìyàn a máa gbọ̀n díẹ̀, ti ẹ̀rọ kì í gbọ̀n. Mo ní kó na ọwọ́ kí n wò. Kò gbọ̀n. Tèmi ló ń gbọ̀n.
Mo ti sọ ẹ̀rọ náà ní Ọwọ́-Ò-Gbọ̀n.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án
Ẹ̀rù ń bà mí. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá
Wọ́n ṣe é! Ojú nìkan ni wọ́n fi oògùn mú kú tipiri. Ẹnu mi wà láàyè. Mo kí Ọwọ́-Ò-Gbọ̀n kú iṣẹ́. Mo bi í bóyá ó ti jẹun. Mo ṣàdúrà fún un, mo ṣe fún ìyá ẹni tó ṣe é. Dókítà Kékeré ní, "Màmá, ọ̀pá tí omi yóò gbà jáde, tí mo fẹ́ fi sínú ojú yín, tín-ín-rín bí irun. Gbogbo àmín tí ẹ ń ṣe, orí yín ń mì." Mo panu mọ́ fún ogójì ìṣẹ́jú. Ọmọ mi béèrè bóyá a lè gbé ẹ̀rọ náà lọ sílé.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún
Wọ́n wọn agbára tí omi fi ń tẹ ojú: mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n tẹ́lẹ̀, ó ti wálẹ̀ sí mẹ́tàlá báyìí. Dókítà Kékeré ní ìríran tó ti lọ ò ní padà; èyí tó kù, ó dájú pé òun ti bá mi dì í mú. Omi bọ́ lójú mi. Ó ní, "Màmá, ẹkún ò ní ṣe é ní nǹkan kan." Mo wá sun ẹkún náà dáadáa.
Mo ti fi aṣọ bo ojú ọ̀tún báyìí. Ti òsì nìkan ni mo fi kọ ìlà yìí. Ó wọ́ bí ìrù ajá. Mo sì ti kà á lẹ́ẹ̀mejì.