Orúnkún Tí Bàálù Ò Gbà

Bàbá mi, ẹlẹ́sẹ̀ gígùn tí ojú mi ń wá,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti lọ síbi àyẹ̀wò àwọn ológun òfurufú náà. Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ fẹ́ sọ fún, nítorí Màámi á sunkún, ẹ̀yin ò sì lè sunkún mọ́.

Gbogbo àdúgbò ló ti ń pè mí ní páílọ́ọ̀tì. Àwọn ọlọ́kadà ní kí n máa fi bàálù gbé àwọn lọ sí Kuta tí epo bá ti wọ́n.

Ọ̀gá ológun tó wọ̀n wá ti hewú. Ó ní kí n jókòó, kí n fẹ̀yìn ti ògiri, kí n wo iwájú gan-an. Ṣé ẹ rántí pé ẹ kọ́ mi pé ọmọ kì í wo àgbà lójú? Bó ṣe ń gbé pátákó ìwọ̀n lé mi lórí ni mò ń tẹrí ba.

“Ṣé ọrùn ẹ ti kán ni?”

“Rárá o, sà. Mò ń bọ̀wọ̀ fún yín ni.”

Àwọn tó wà lórí ìlà rẹ́rìn-ín títí ògiri fẹ́rẹ̀ẹ́ wó. Mo nà ró. Ó wá wọ̀n mí láti ìdí dé orúnkún. Ó tún un wọ̀n.

Itan mi gùn jù. Tí ewu bá dé lófurufú, àga awakọ̀ á ta jáde nínú bàálù, orúnkún tèmi á sì kù sínú ẹ̀. Bí wọ́n ṣe ní kí n máa lọ nìyẹn.

Ẹsẹ̀ yín ni, Bàbá. Ẹsẹ̀ tí àga ṣọ́ọ̀ṣì ò gbà, tí ẹ máa ń nà sójú ọ̀nà, tí gbogbo màmá ẹgbẹ́ akọrin ń kọ lù, tí ẹ á máa bẹ̀bẹ̀ bí ẹni tó jalè. Ṣé kò sí ogún mìíràn ni? Mo bú ẹsẹ̀ náà títí mo fi délé ní Ìwó.

Màámi ń ṣa ẹ̀wà nígbà tí mo wọlé. Oòrùn wà lẹ́yìn mi, wọn ò rí ojú mi. Wọ́n fò dìde.

“Olówó orí mi, ẹ ti dé?”

Wọ́n tún jókòó pẹ̀lẹ́. Wọn ò béèrè bàálù rárá.

“Jọ̀ọ́, rìn dé ìdí kànga, kí o tún máa bọ̀. Jẹ́ n máa wò ọ́.”

Mo rìn lọ, mo rìn bọ̀, títí ilẹ̀ fi ṣú. N kò tíì sọ fún wọn.

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó ṣì wà lórí ilẹ̀.