Ọjọ́ Tí Gbogbo Ẹ̀rọ Bisikíìtì Wa Dákẹ́

                                                  Ojúlé Kẹsàn-án, Lotto,
                                                  Mowe,
                                                  Ìpínlẹ̀ Ògùn.
                                                  Ọjọ́ kejìlá, oṣù Keje, ọdún 2025.

Jọkẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dun màmá yín, ṣé ó ti fúyẹ́? Mo bẹ Ọlọ́run kó fún wọn ní àlàáfíà pípé. Ẹ kú òjò o, mo gbọ́ pé ó ń rọ̀ gan-an lọ́dọ̀ yín ní Ìwó. Ara èmi náà le, àlùhámúdúlílàhì. Mo mọ̀ pé wàá ní mo dákẹ́ jù. Má bínú, iṣẹ́ ló gbà mí lọ́kàn, ìròyìn iṣẹ́ náà ni mo sì fẹ́ kí o gbọ́ láti ẹnu mi.

O mọ̀ pé ilé iṣẹ́ bisikíìtì kan ní Ibafo ni mo wà. Tẹ́lẹ̀, ẹ̀rọ tó ń po ìyẹ̀fun, ààrò ńlá tó ń yan bisikíìtì, àti èyí tó ń dì í sínú ọ̀rá, kálukú ló ń dá ṣe tirẹ̀. Bí ẹ̀rọ tó ń dì í bá dúró, ààrò kò mọ̀. Bisikíìtì á kàn máa ya sílẹ̀ títí ẹnì kan á fi pariwo. Èmi ni mo sọ fún Ọ̀gá Ògúnkànmí, máníjà wa, pé a lè fi Ítánẹ́ẹ̀tì so gbogbo wọn pọ̀. Kì í ṣe íńtánẹ́ẹ̀tì tí o fi ń wo fídíò o! Wáyà ni, irú èyí tí wọ́n fi ń so kọ̀ǹpútà mọ́ra ní ọ́fíìsì. Kọ̀ǹpútà kékeré kan ló ń darí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, wáyà yìí ló sì máa jẹ́ kí wọ́n máa ránṣẹ́ síra wọn, kí gbogbo wọn lè jọ ṣiṣẹ́, kí wọ́n sì jọ dúró.

Ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ ọ rárá ni Bàbá Bùrẹ́ímọ̀, àgbà oníná ilé iṣẹ́ wa. Àwọn ló kọ́ mi ní iṣẹ́ wáyà nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Wọ́n ní, "Rasheedah, ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́, kí lo fẹ́ máa tú u fún?" Síbẹ̀, nígbà tí mo ń fa wáyà gba òkè àjà, àwọn náà ni wọ́n ń bá mi di àkàbà mú, tí wọ́n ń kùn lábẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́ tí Àlàájà tó ni ilé iṣẹ́ fẹ́ wá wo iṣẹ́ náà, gbogbo ẹ̀rọ ti ń lọ geere láti àárọ̀. A gbálẹ̀, a nu gbogbo nǹkan. Àfi bí Àlàájà ṣe ń wọlé tí gbogbo ẹ̀rọ dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà! Èmi fúnra mi ni mo ṣètò rẹ̀ pé bí ẹ̀rọ kan kò bá gbọ́ ohùn àwọn yòókù, kó dúró, kí gáàsì ààrò sì pa ara rẹ̀. Ọ̀gá Ògúnkànmí sáré wá bá mi.

"Yọ ètò yẹn kúrò kíá! Jẹ́ kí kálukú máa ṣiṣẹ́ tirẹ̀!"

Mo wo ẹnu ààrò. Táíyé, obìnrin tó máa ń yọ bisikíìtì tó bá há, ti ki ọwọ́ bọ abẹ́ bẹ́líìtì, ọ̀já gbọọrọ tó ń gbé e jáde nínú ààrò.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, mi ò lè ṣe é. Bẹ́líìtì yẹn lè gbéra lójijì, ọwọ́ èèyàn sì wà níbẹ̀."

"Bó ò bá lè ṣe é, máa lọ sílé. Màá pe àwọn tó mọ̀ ọ́n láti Èkó."

Jọkẹ́, Àlàájà ń wò mí. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ àwọn méjèèjì pé kí wọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ wo ohun tó ṣe é.

Mo lọ ṣí àpótí tí gbogbo wáyà ti ń pàdé. Iná ara rẹ̀ ń ṣẹ́jú bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Mo ń tọpa wáyà kọ̀ọ̀kan títí mo fi rí ọ̀kan tí orí rẹ̀ méjèèjì wà nínú àpótí kan náà. Ọ̀rọ̀ tó bá gba ẹnu kan jáde, á gba ẹnu kejì wọlé, á tún jáde, títí tí ọ̀nà á fi dí pátápátá. Mo yọ orí kan. Iná náà rọlẹ̀.

Mo béèrè ẹni tó ki orí wáyà náà bọ ibẹ̀. Bàbá Bùrẹ́ímọ̀ bá ṣí fìlà lórí.

"Èmi ni. Mo rí i tó ń mì dirodiro, mo ní kí ojú ibẹ̀ mọ́ kí Àlàájà tó wọlé."

Àánú wọn ṣe mí gan-an. Kí ẹnikẹ́ni tó lanu, mo ti sọ pé àpótí tó yẹ ká tì pa ni, a kò sì tíì tì í. Táíyé yọ ọwọ́, a tún gbogbo ẹ̀rọ tàn, òórùn bisikíìtì sì gba gbogbo ilé. Àlàájà wá bi mí ìdí tí mo fi kọ̀ fún ọ̀gá mi. Mo kàn nawọ́ sí Táíyé. Wọ́n wo ọwọ́ obìnrin náà títí, wọ́n yíjú sí Ọ̀gá Ògúnkànmí, wọ́n ní, "Rasheedah ló máa ṣe ti ilé iṣẹ́ wa kejì ní Ifọ." Ọ̀gá náà wá bẹ̀ mí lẹ́yìn ìgbà yẹn, tọkàntọkàn.

Ọjọ́ Ajé tó kọjá la lọ sí ilé iṣẹ́ wa ní Ifọ, èmi àti Bàbá Bùrẹ́ímọ̀. Bí a ṣe wọlé, gbogbo òṣìṣẹ́ kọjú sí Bàbá, wọ́n ń pè wọ́n ní Ẹnjiníà. Bàbá ní, "Èmi kọ́ o. Ẹ kí ọ̀gá mi. Mo kọ́ ọ ní wáyà, òun ló ń kọ́ mi ní èyí." Ojú gbogbo èèyàn ni mo ti kúnlẹ̀ níwájú Bàbá. Wọ́n fà mí dìde, wọ́n ní kí n lọ gun àkàbà, ọjọ́ ń lọ.

Bá mi kí gbogbo ilé, kí o sì ṣe màmá pẹ̀lẹ́ fún mi. Mo mọ̀ pé mo ń yangàn díẹ̀, ṣùgbọ́n bí mi ò bá yangàn fún ọ, ta ni mo tún fẹ́ yangàn fún?

Ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,

Rasheedah Sùlèímọ́nù