Ìdí Tí N Kò Fi Bọ́ Sí Ẹ̀ka Ìṣègùn

Ojúlé Kọkànlá,
Bẹẹrẹ, Ìbàdàn.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù keje, ọdún 2024.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o. Mo gbàdúrà pé kí lẹ́tà yìí bá ẹ̀yin àti Mọ́mì nínú àlàáfíà ní Ṣakí, kí orúnkún tó ń dùn yín sì ti fúyẹ́. Ara èmi àti Màmá Bẹẹrẹ le dáadáa. Ìyá yín ṣì ń lọ sí ìpàdé àdúrà òwúrọ̀ lójoojúmọ́. Èmi gan-an ni kì í lè jí bá wọn lọ.

Bàbá, fọ́ọ̀mù tí ẹ ní kí n fi kúrò níbi ẹ̀kọ́ irè oko bọ́ sí ìṣègùn, mo kọ ọ́ tán, ṣùgbọ́n n kò fún wọn ní yunifásítì. Jímọ̀ tó kọjá ni wọ́n gbà á kẹ́yìn. Mo mọ̀ pé yóò dùn yín, nítorí ẹ ti sọ fún gbogbo ìjọ pé ọmọ yín yóò di dókítà. Ìdí nìyí tí n kò fi lè sọ ọ́ lórí fóònù. Kì í ṣe pé máàkì mi kò tó o.

Ẹ rántí Bàbá Gàníyù, télọ̀ tí ilé wọn àti tiwa jọ ní ẹ̀yìnkùlé kan. Láti ìgbà tí ojú kò ti jẹ́ kí wọ́n ránṣọ mọ́, tòmátì ni wọ́n ń gbìn síbẹ̀. Lóṣù tó kọjá, àwọn tòmátì náà bẹ̀rẹ̀ sí í rọ lọ́kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ewé wọn ṣì tutù. Ni Bàbá Gàníyù bá ní omi ọṣẹ tí Màmá ń dà sẹ́yìnkùlé ló pa wọ́n. Màmá ní kò rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ogójì ọdún tí wọ́n ti jọ ń gbé, wọn kò kí ara wọn mọ́. Màmá kò tilẹ̀ jẹun dáadáa.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni olùkọ́ wa, Dókítà Akínwùmí, fi àrùn kan hàn wá tó máa ń pa tòmátì báyìí. Mo délé, mo tọrọ igi kan lọ́wọ́ Bàbá Gàníyù, mo gé e nídìí, mo sì ki ojú ibi tí mo gé bọ inú ife omi tó mọ́ gaara. Mo ní kí àwọn méjèèjì jókòó wò ó. Mo mọ̀ pé bí omi náà bá wà bẹ́ẹ̀, ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan Màmá á tún le sí i. Bàbá Gàníyù wo ife, wọ́n wò mí, wọ́n ní, “Ṣé omi la fẹ́ máa wò títí ilẹ̀ á fi ṣú ni?” Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí nǹkan funfun bí òwú fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn jáde láti inú igi náà. Màmá pariwo Jésù.

Mo ṣàlàyé pé kòkòrò àìfojúrí ni nǹkan funfun náà, pé láti inú ilẹ̀ ló ti gba gbòǹgbò wọlé, tó dí ọ̀nà tí omi ń gbà gòkè, kì í ṣe omi ọṣẹ. Kò sí oògùn rẹ̀. A fa gbogbo tòmátì náà tu, a sun wọ́n. Mo ní kí wọ́n má gbin tòmátì tàbí ata síbẹ̀ fún ọdún mélòó kan, kí wọ́n gbin àgbàdo. Bàbá Gàníyù yíjú sí Màmá, wọ́n fi orúkọ yín pè wọ́n: “Ìyá David, mo ṣẹ̀ yín. Ẹ má bínú.” Màmá ní ó ti tán. Nígbà tí a wọlé, wọ́n rọra sọ fún mi pé òótọ́ ni àwọn da omi ọṣẹ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, pé ọkàn àwọn kò balẹ̀ láti ọjọ́ náà. Alẹ́ yẹn, wọ́n jẹ ẹ̀bà, wọ́n sì tún bù sí i.

Láàárọ̀ Jímọ̀, mo mú fọ́ọ̀mù náà dé ẹnu ọ́fíìsì. Mo dúró, mo rò ó, mo sì gba oko ilé ẹ̀kọ́ lọ. Ẹ̀wà tí mo gbìn fún iṣẹ́ kíláàsì ti ń yọ òdòdó. Inú mi dùn, Bàbá. Láti ìgbà tí mo ti wọ yunifásítì, n kò tíì rí ọjọ́ tó dà bí i rẹ̀.

Bí ẹ bá bínú, mo gbà. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ẹ wá kí ẹ̀wà náà tó gbó, kí n mú yín wọ oko, kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́.

Kí Olúwa dá ẹ̀mí ẹ̀yin àti Mọ́mì sí, kí ẹ jẹ èrè gbogbo làálàá yín lórí wa.

Èmi ni ọmọ yín tó fẹ́ràn yín,
Iyìolúwa.

Àfikún: Màmá ní kí n kọ ọ́ síbí pé àwọn kọ́ ló kọ́ mi ní ohun tí mo ṣe yìí, kí ẹ má pe àwọn láti bá àwọn jà.