Pátákó Ẹnu Ilẹ̀kùn Àtijọ́

Màámi,

Ẹ kú ilé o. Ṣé orúnkún yín ti fúyẹ́? Ara mi le ní Savalou níbí, Fadilath ọmọ-ọmọ yín náà ń jẹun dáadáa.

Mo ti kó ìsọ̀ wa orí íńtánẹ́ẹ̀tì kúrò ní àdírẹ́ẹ̀sì tó ń jẹ́ orúkọ Wahab ọkọ mi. Orúkọ tèmi ló ń jẹ́ báyìí. Bí a ṣe ń ṣe tí a bá kó ìsọ̀ ni mo ṣe: pátákó kan ṣoṣo, "A ti kó lọ síbí." Ẹni tó ń wá gààrí, ẹni tó ń wá kajú Lougba, iwájú ìsọ̀ tuntun ni gbogbo wọn ń já sí, wọn ò rí ohun tí wọ́n ń wá, wọ́n á sì pẹ̀yìn dà. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Gúgù tí àwọn èèyàn fi ń wá ọjà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé wa.

Romaric tó bá mi ṣe sáìtì náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Táńtì, ojú ewé kọ̀ọ̀kan ló ní ilẹ̀kùn tirẹ̀. Ẹ júwe gààrí sí gààrí, kajú sí kajú." A tún un ṣe. Láàárọ̀ yìí mo tẹ "gààrí Savalou" sí Gúgù, àwa la kọ́kọ́ yọ. Mo jókòó, mo mí kanlẹ̀.

Ẹ má bínú pé Wahab ò kí yín. Ó rìnrìn àjò, ó ti pẹ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé tòrò, a sì ń sùn dáadáa.

Ẹ bá mi kí Ẹ̀gbọ́n Zulaykha àti gbogbo ará ilé. Àdírẹ́ẹ̀sì àtijọ́ á ṣì máa júwe wa fún ọdún kan, ṣùgbọ́n kí orúkọ tèmi, Mùínàt, ti máa mọ́ wọn lára.