Ohùn Rẹ Ló Ní Kí Bàbá Rẹ Máa Lo Fítámì E

Abúlé Oníṣin,
Lọ́nà Ògbómọ̀ṣọ́.

Moyọ̀sọ́lá Àbẹ̀kẹ́, ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé Ladi-Lak, àdúgbò rẹ, ṣì wà níbi tó wà, ọ̀sà Bàrígà kò tíì wá gbé ilé tí o háyà lọ? Ṣọ́ọ̀bù rẹ ní Onípanu ńkọ́, àwọn tó ń ra òróró ìpara lọ́wọ́ rẹ ńkọ́, ṣé awọ wọn ń dán? A dúpẹ́. Ọlọ́run tó ń yọ ọ́ láàárín kẹ̀kẹ́ àti ọ̀kadà lójoojúmọ́ kò ní fi ọ́ sílẹ̀, o ò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà, ọjà rẹ kò ní kùtà. Àmín.

Àwa náà wà. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, ewúrẹ́ bí ìbejì, epo tí mo fún lọ́sẹ̀ tó kọjá sì pọ́n dáadáa. Bàbá rẹ náà kò kú. Mo fi ìyẹn sẹ́yìn nítorí mo mọ̀ pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn rẹ, mi ò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kékeré dí ọ lọ́wọ́.

Má bínú pé ìwé ni mo kọ. Fóònù tí o rà fún mi wà, iná rẹ̀ mọ́lẹ̀ gan-an, òun la fi ń wá adìyẹ tó bá sùn síta. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ tó máa ń wá sínú rẹ̀, èyí tí o ní kí n máa tẹ ọfà kékeré kí n tó gbọ́, kì í jẹ́ kí èèyàn sọ̀rọ̀. Mo kí ọ, o ò dáhùn. Mo ní kí o dúró kí n ro ọbẹ̀ mi, o ń bá tìrẹ lọ. Mo bi ọ́ pé ìgbà wo lo ń bọ̀ wálé, o ń ròyìn ọjà fún mi. Mo sọ fún bàbá rẹ pé Èkó ti ba ọmọ yìí jẹ́, kò mọ bí a ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀ mọ́. Ó ní bóyá nẹ́tíwọ̀kì ni. Ó máa ń gbè ọ́ ṣáá.

Jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, torí ẹni tó ní iṣẹ́ púpọ̀ lè gbàgbé. O mọ̀ pé nígbà ọyẹ́, ẹ̀jẹ̀ dì sínú ẹsẹ̀ bàbá rẹ, ẹsẹ̀ náà sì wú. Nílé ìwòsàn, wọ́n fún un ní oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, wọ́n ní kó máa lò ó lójoojúmọ́, kó sì máa wá yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Wọ́n ní kó máa jẹ ẹ̀fọ́ bó ṣe ń jẹ ẹ́ tẹ́lẹ̀, kó má dín in kù, kó má sì fi kún un. Ọ̀rọ̀ yẹn ti rọrùn jù fún ìwọ ọ̀mọ̀wé Onípanu. Ohùn rẹ wá, o ní o ti kà á lórí fóònù pé fítámì K wà nínú ẹ̀fọ́, pé K ló ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì, pé ọ̀tá oògùn bàbá rẹ ni, kó má fẹnu kan ẹ̀fọ́ mọ́ láéláé. Bàbá rẹ tí kì í jẹ iyán láìsí ẹ̀fọ́ ṣọkọ wá ń fi òkèlè kan omi ata. Ojú tó fi ń wò mí nídìí oúnjẹ nígbà náà, ká ní o rí i ni, ò bá bú sẹ́kún.

Ìyẹn kò tó ọ. O tún fi ike fítámì E rán Àkànó, awakọ̀ tó ń kó iṣu wa wá sí Èkó. O ní èmi lo rà á fún, kí awọ ojú mi lè máa dán bíi ti àwọn oníbàárà rẹ. Mo dúpẹ́. Awọ ojú mi ti ń yọ gbogbo abúlé lẹ́nu tẹ́lẹ̀, àwọn ewúrẹ́ pàápàá ti ń ṣàròyé. Hóró rẹ̀ mọ́ gaara bí oje kajú. Mo kọ́ a-bí-dí nílé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, mo sì mọ̀ pé èèyàn kì í kúrò lórí E kó bọ́ sórí K láìbá F àti G pàdé lọ́nà. Mo gbà pé ẹ ti tà wọ́n tán ní Onípanu.

O mọ ilé tí o ti jáde. Ohun tí ọmọ bá fi ránṣẹ́ sílé, ọwọ́ bàbá ló kọ́kọ́ ń dé, ì báà jẹ́ ìró obìnrin. Bàbá rẹ gba ike náà, ó gbàdúrà lé e lórí, ó da hóró kan sọ́wọ́, ó bi mí bóyá òun náà lè lò nínú rẹ̀. Mo ní kó jẹ́ ká bi ẹni tó rà á. Mo tẹ ọfà. Ohùn rẹ ń ṣàlàyé bí n ó ṣe máa lò ó, ó wá dákẹ́ díẹ̀ bí ẹni ń mí, ni mo bá sáré bi ọ́ pé Moyọ̀, ṣé bàbá rẹ náà lè máa lò ó mọ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. O ní kò séwu, pé ó ti dáa bẹ́ẹ̀, ká máa gbádùn ara wa. Bàbá rẹ gbọ́ ọ pẹ̀lú etí ara rẹ̀. Ó ní ọmọ rere ni ọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ohùn inú fóònù yẹn máa dá mi lóhùn, inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Bàbá rẹ wá di oní-E. Ó ń lò ó láàárọ̀, ó ń lò ó lálẹ́, nígbà tó bá sì rántí ọ, á tún fi ọ̀kan kún un. Èmi tí wọ́n rà á fún ń jẹ èyí tó bá ṣẹ́ kù. Kò pẹ́ tí orín tó fi ń fọ ẹnu bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Ewúrẹ́ fi orí kàn án lápá, ibẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Lọ́jọ́ ìsinmi kan, a wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì, à ń kọrin, ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn nímú rẹ̀, kò sì dá. Mo tú gèlè funfun orí mi fi dí i, ẹ̀jẹ̀ gba gbogbo rẹ̀. Moyọ̀, mi ò ní fi yẹ̀yẹ́ bo èyí mọ́lẹ̀: ẹ̀rù bà mí. Mo rò pé mo ti di opó lórí ìjókòó ṣọ́ọ̀ṣì.

Nílé ìwòsàn, dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ náà wò, ó ní kò mọ dídì mọ́ rárá. Ó bi mí pé kí ló ń lò, mo yọ ike E jáde, mo fi yangàn pé ọmọ wa tó wà ní Bàrígà ló rà á. Ó wo ike, ó wò mí. Ó ní E kì í ṣe nǹkan burúkú, pé òun ló ń ṣọ́ inú ara kó má tètè bàjẹ́, bí a ṣe ń ṣọ́ epo. Ṣùgbọ́n bó bá ti pọ̀ jù, kì í jẹ́ kí K ráyè ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ sì rèé, K yìí ni ẹ̀dọ̀ fi ń ṣe ohun tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, eegun pàápàá ń fẹ́ ẹ. Ó ní oògùn ti di K lọ́wọ́ mú tẹ́lẹ̀, àwa tún lé ẹ̀fọ́ jáde, a sì tún pe E wá bá a jà. Mo ní kì í ṣe èmi, ọmọ ni. Fítámì K náà ni wọ́n wá fún un lábẹ́rẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni o, K tí o lé kúrò nínú ìkòkò wa, abẹ́rẹ́ la fi pè é padà. Mo wá bèèrè ibi tí E ti ń wá, ó ní ó pọ̀ nínú epo pupa. Epo pupa, Moyọ̀! Èmi tí mo ń fún epo láti kékeré lo ra E fún láti Onípanu. O ò kúkú fi iṣu kún un fún Àkànó kó bá wa kó wá.

Dókítà wá bèèrè ẹni tó ní kí bàbá rẹ lò ó. Mo ní ẹnu rẹ ni mo ti gbọ́ ọ, ẹ̀rí sì wà lọ́wọ́ mi. Mo tẹ ọfà níwájú rẹ̀. O sọ̀rọ̀ títí, o mí díẹ̀, o ní kò séwu. Gbogbo ohun tí o sọ ló pé, ṣùgbọ́n ìbéèrè tèmi kò sí níbẹ̀. Mo tún un tẹ̀. Kò sí. Dókítà rọra sọ fún mi pé ọmọ yín ti sọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín, Ìyá, kò gbọ́ ohun tí ẹ bi í. Mo rẹ́rìn-ín. Ọmọdé ni dókítà náà, kò tíì bímọ. Ọmọ tí mo bí, kí n máa bá a sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ tí mo ti ní fóònù, kó má gbọ́? Fóònù yẹn ló gbé ìbéèrè mi mì.

Bàbá rẹ ti padà sídìí ẹ̀fọ́ ṣọkọ, kò pọ̀ jù, kò kéré jù, ó sì tún ń lo oògùn rẹ̀. Ó ń kí ọ, ó ní kí n má bá ọ wí jù. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò tíì le, wọ́n sì ní ká mú un padà wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó ń bọ̀, torí ẹ̀jẹ̀ náà lè tún yí padà. Ìdí tí mo fi kọ̀wé nìyẹn. A nílò owó ọkọ̀, a nílò owó àyẹ̀wò, èmi sì nílò gèlè funfun. Má fi ránṣẹ́ sọ́dọ̀ oní-POS, má sì fún Àkànó. Ọwọ́ ara rẹ ni kí o fi mú un wá.

Ọlọ́run yóò tọ́ ẹsẹ̀ rẹ wálé, ilẹ̀kùn kò ní tì mọ́ ọ níbikíbi, ìwọ náà yóò bí ọmọ tí yóò máa gbọ́ ohùn rẹ. Tí o bá dé, ìbéèrè kan ni mo ní, má sì dáhùn rẹ̀ láti Bàrígà. Nínú gbogbo ohun tí mo ti ń sọ fún ọ nínú fóònù yẹn, ṣé lóòótọ́ ni o ò gbọ́ ìkankan?

Èmi ni,
Ìyá rẹ.